Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Ìyá Àgbà

Ìyá Àgbà kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò tíì kí. Bó jẹ́ omi lásán ni wọ́n fẹ́ mu, wọn á kọ́kọ́ kí mi kú ìjókòó, wọn á kí mi kú ìwé kíkà, wọn á béèrè bóyá mo sùn dáadáa, kí wọ́n tó wá ní kí n bá àwọn bu omi. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa ní Glenn Dale mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọn á kí i kú oòrùn, wọn á kí i kú ìrìn, wọn á béèrè ìyàwó àti ọmọ, ọkùnrin náà á sì dúró sínú oòrùn tí wọ́n ń kí i kú rẹ̀ títí ìkíni á fi tán. Mo ti bínú sí ìkíni yẹn rí. Mo ti jẹ́ kó tì mí lójú rí, ní gbangba, ohun tí mo sì ṣe lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti lọ.

Inú Oṣù Kẹfà tó kọjá yìí ni wọ́n kú. Ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n. Ìbàdàn ni a bí mi sí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí nígbà tí èmi àti Ìyá Àgbà jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá Mọ́mì, tó ti ṣáájú wa dé Maryland. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Wọn á lọ ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá ní ọsibítù, èmi àti Ìyá Àgbà á wá jọ máa wo ojú ara wa. Ìyá Àgbà ló fà á tí Yorùbá mi fi wà bó ṣe wà yìí, nítorí bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè oúnjẹ, wọn á ní etí ń dun àwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wà nínú ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fún ìsìnkú. Ìwé náà sọ pé ìyá oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó kọ ọ́ kò bá wọn gbélé.

Wolé-wolé ni Ìyá Àgbà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Fún àwọn tí kò bá ìgbà náà, wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó máa ń wọ ilé onílé láti wo bóyá ìkòkò omi ní ìdérí, bóyá ṣáláńgá mọ́, bóyá ẹ̀fọn ń pamọ sínú gọ́tà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é ní Ìbàdàn, iṣẹ́ náà kò sì kúrò lára wọn mọ́. Bí a bá lọ kí ènìyàn, ẹnu wọn á máa dúpẹ́ fún mínírà tí a gbé kalẹ̀, ojú wọn á ti lọ sí abẹ́ síǹkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ìyàwó pásítọ̀ lẹ́kun lórí bó ṣe ń tọ́jú ẹran sínú fìríìsà, ìyàwó pásítọ̀ náà sì yí padà, nítorí kò sí ẹni tó lè bá wolé-wolé jiyàn lójú ara rẹ̀.

Ní ọdún kan, ewé dí ihò tí omi òjò ń gbà wọ abẹ́ títì níwájú ilé wa. Omi kó jọ síbẹ̀. Ìyá Àgbà jáde lọ dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní kí n pe káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa níhìn-ín. Mo ní ta ni yóò wá tìtorí ewé. Wọ́n ní kí n pè ná. Mo pè, mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọkùnrin méjì gbé ọkọ̀ ńlá dé lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá Àgbà kí wọn débi pé díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn ọkùnrin náà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí omi náà ti gbẹ, Ìyá Àgbà yí sí mi, wọ́n ní: "Adití ni ìjọba, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe òkú."

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìjà tó le jù tí mo rí láàárín Ìyá Àgbà àti Mọ́mì, orí bọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí ẹni tó ń kù sílé ní ọ̀sán mọ́ àfi Ìyá Àgbà. Ẹ mọ bí àdúgbò wa ṣe rí: ilé ńlá, koríko tó mọ́, ilẹ̀kùn títì. Àwọn tó ni ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Àgbà ní ní Ìbàdàn, bí àwọn bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà fún wákàtí kan, àwọn á ti gbọ́ ìròyìn òkú méjì àti ìgbéyàwó mẹ́rin. Ní Glenn Dale, àwọn jókòó láti àárọ̀, ajá kan ló kọjá, òun náà sì ń fa ẹni tó ni ín lọ.

Wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé kan wà tí àwọn àgbà ti ń pàdé lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, pé bọ́ọ̀sì kékeré tí káńtì ń sanwó rẹ̀ a sì máa wá gbé arúgbó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìyá Àgbà fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Mọ́mì kọ̀.

"Màmá, please, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́," Mọ́mì wí. "Mò ń ṣe double shift nítorí yín. Wọn á ní mi ò lè tọ́jú ìyá mi, pé bọ́ọ̀sì ìjọba ló ń gbé e kiri."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń rán pé kí n sọ fún ọmọ wọn pé ọbẹ̀ ti jinná. Lọ́jọ́ karùn-ún, Mọ́mì wọlé dé láti ibi iṣẹ́, wọn kò tíì bọ́ bàtà. Ìyá Àgbà kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kí wọn kú ìdúró, wọ́n kí wọn kú ọ̀nà, wọ́n wá ní: "Fúnmi, o ra ilé tó dára fún mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kí ilé, kì í dá mi lóhùn."

Bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Leon ni orúkọ dẹ́rẹ́bà náà, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Òfin bọ́ọ̀sì náà le: ìṣẹ́jú mẹ́ta ló lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bí arúgbó kò bá jáde, kó máa lọ, nítorí arúgbó mìíràn ń dúró níwájú. Ìyá Àgbà a ti wọ bàtà tán ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lo ìṣẹ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kí Leon. Kò pẹ́ tí òun náà fi kọ́ bí a ṣe ń dáhùn, tó bá dé á ti máa ké láti inú bọ́ọ̀sì pé ìyàwó òun wà dáadáa, ọmọ òun wà dáadáa, orúnkún òun náà ti ń ṣe dáadáa. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni Ìyá Àgbà ti rí ọ̀rẹ́ tó gbẹ̀yìn ayé wọn, ìyá ará Abẹ́òkúta kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ ní Kettering, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kettering. Àga kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí. Mo bi Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ lójúmọ́. Wọ́n ní: "A ń gbọ́ orúkọ ara wa."

Ní Oṣù Kẹta èṣí, Leon fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé ìwé ètò ìṣúná tuntun ti jáde, àti pé nínú ìwé náà, bọ́ọ̀sì yóò dín kù sí ọjọ́ méjì, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìyá Àgbà délé, wọ́n kí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìwé náà.

Ìwé náà nípọn. Mo tẹ àwọn ojú ewé tó kàn wá jáde ní láíbùrárì, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì ìdáná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Bí ètò náà ṣe rí rèé. Owó orí ilé àti owó orí tí a ń yọ nínú owó iṣẹ́ àwọn ará káńtì ló pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé. Ìpínlẹ̀ náà ń fi tirẹ̀ kún un. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń kó ìpín tó tóbi jù, ọlọ́pàá àti panápaná tẹ̀ lé e, kó tó wá kan àwọn nǹkan kéékèèké bíi bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó. Olórí káńtì á gbé àbá jáde ní Oṣù Kẹta. Ìgbìmọ̀ á jókòó gbọ́ tẹnu ará ìlú, á gé níbí, á lẹ̀ lọ́hùn-ún, á sì fọwọ́ sí i kí Oṣù Kẹfà tó wọlé, nítorí Oṣù Keje ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jáde kò sì gbọdọ̀ ju ohun tó ń wọlé lọ. Ohun tó ń wọlé ló sì ń mi lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè wa ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilé onílé. Wọ́n fi ìka tọ́ ìlà kan. Owó wà níbẹ̀ láti tún òrùlé ilé ìpàdé àwọn àgbà ṣe. Wọ́n ní kí ló dé tí a kò lè mú nínú èyí fi sanwó dẹ́rẹ́bà. Mo ṣàlàyé pé àpò méjì ni: owó ìkọ́lé wà lọ́tọ̀, owó yíyá ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni a ó fi san án, owó oṣù àti epo wà nínú àpò kejì, èyí tó ń tán lọ́dọọdún, òfin kò sì gbà kí a mú ti ọ̀kan gbọ́ bùkátà èkejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bó ṣe rí ní ọ́fíìsì àwọn ní Ìbàdàn nìyẹn, pé ìjọba kun ògiri lọ́dún tí kò sí owó epo alùpùpù tí àwọn ń gùn lọ wo ilé. Wọn kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n ní: "Òrùlé á dára. Àwa la ò ní rí ẹsẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀."

Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kí n sì kọ tèmi tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́. Mi ò béèrè ìdí. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ kí n jókòó ti àwọn ni.

A dé gbọ̀ngàn náà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó sókè yí ká, ará ìlú wà nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Iná kan wà níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, máa sọ, bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn, ó ti ń tán, bó bá pupa, ó parí. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ ni mo ti kọ sí ìwé kan, ojú ewé tí bọ́ọ̀sì wà, iye arúgbó tó ń wọ̀ ọ́, ọ̀nà tí owó rẹ̀ lè gbà wá. Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà.

Wọ́n pe Ìyá Àgbà. Wọ́n dìde, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí. Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì àtijọ́ ni wọ́n fi kí wọn, Gẹ̀ẹ́sì wolé-wolé, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dúró gbọnyin. Wọ́n kí alága kú ìjókòó. Wọ́n kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n ti ní kí n bá àwọn wá orúkọ wọn. Wọ́n kí wọn kú ẹrù ìlú, kú sùúrù, kú àìrójú oorun. Wọ́n kí àwọn ọkọ àti ìyàwó tó ń dúró dè wọ́n nílé. Wọ́n kí akọ̀wé, wọ́n kí ẹ̀ṣọ́ tó dì wọ́n lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ń wo iná. Ìyá Àgbà kò wo iná, ojú àwọn tí wọ́n ń kí ni wọ́n ń wò, bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń kíni ṣe. Iná pọ́n bí ọsàn. Wọ́n ń kí àwọn tó gbá gbọ̀ngàn mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ohun tó gbé wa wá," ni iná pupa, alága sì fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Àgbà kò jiyàn. Wọ́n kàn yí padà, wọ́n wò mí. Akọ̀wé pe orúkọ mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Mo mi orí pé rárá. Akọ̀wé tún pè é, mo tún mi orí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi, ìyá tó tọ́ mi sì tì mí lójú. Ohun tó ṣe mí nìyẹn.

A wọ ọkọ̀, a ń lọ sílé títí a fi kọjá Largo. Nígbà náà ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò sì gbé ohùn sókè. "Àbẹ̀kẹ́, mo rò pé ìwọ ni yóò bá mi parí rẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nílé wa, bí àgbà bá lọ tọrọ nǹkan, àgbà ló ń kí, àgbà ló ń fi ìkíni la ọ̀nà. Ọmọ tó tẹ̀ lé e ni yóò wá sọ ohun tó gbé wọn wá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lẹ́sẹẹsẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ Ìyá Àgbà nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ní kí n kọ orúkọ mi tẹ̀ lé tiwọn nìyẹn. Iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ṣe pé. Èmi ni mi ò ṣe tèmi.

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ètò ìṣúná, bọ́ọ̀sì sì di ọjọ́ méjì. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ìbá yí i padà. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí.

Káńtì gbé Leon lọ sí iṣẹ́ mìíràn, ẹlòmíràn ló ń wa bọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì náà. Ọmọ Màmá Kettering ní òun kò lè máa ti ìyá òun mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, ó sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Texas. Orí fóònù ni Màmá Kettering àti Ìyá Àgbà ti wá ń kíra, ẹni tí etí rẹ̀ ti di, pẹ̀lú ẹni tí kì í mọ ibi tí a ti ń pa fóònù. Mo ní màá máa gbé Ìyá Àgbà lọ fúnra mi ní ọjọ́ Ẹtì. Mo gbé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdánwò dé, mo sì jáwọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan mo bá wọn nínú pálọ̀, wọ́n ti múra, wọ́n ti wọ bàtà, báàgì wà lórí itan wọn. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní: "Mi ò lọ síbì kankan. Ara ló ń rántí ọjọ́."

Wọn kò fi ọjọ́ ìgbìmọ̀ yẹn bú mi rí, kódà wọn kò mẹ́nu bà á. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n bú mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí a máa fi rántí wọn, ọdún yìí ni wọ́n ṣe é. Láti inú Oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń pe àwọn ènìyàn lórí fóònù. Wọ́n pe Bàbá Camp Springs, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bárékè àwọn ológun òfuurufú, ẹni tí àdúrà rẹ̀ gùn débi pé ọmọdé máa ń sùn jí nínú rẹ̀. Wọ́n pe àwọn ìyá Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ìpàdé. Pẹ̀lú àwọn fúnra wọn, ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n jókòó tì wọ́n ní pálọ̀ wa, wọ́n sì pín iṣẹ́. Wọ́n ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kí wọn fún gbogbo wa."

Mọ́mì gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n wa ọkọ̀ kejì. Mọ́mì tó sọ pé bọ́ọ̀sì ìjọba á ba àwọn lórúkọ jẹ́ ló wá ń di arúgbó kan tẹ̀ lé òmíràn mọ́ àga ọkọ̀. Èmi wa ọkọ̀ àkọ́kọ́. Mo dúró kí Ìyá Àgbà ní kí n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo dúró títí ìwé orúkọ fi kún. Wọn kò sọ ọ́.

Bàbá Camp Springs ni akọ̀wé kọ́kọ́ pè. Wọ́n fi gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ìgbìmọ̀, ní orúkọ ẹni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, iná sì pupa bá wọn nínú àdúrà. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣe àmín. Àwọn tó kù sọ ohun kan ṣoṣo lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó. Ìyá Àgbà ló kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí:

"Bàbá ti bá mi kí yín. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún, mo mọ̀ pé owó kì í tó. Mi ò ní kí ẹ mú nínú ti ilé ẹ̀kọ́, ọmọ-ọmọ mi jẹ nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń gbé wa lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ mẹ́ta tó kù, ilé là ń kí, ilé kì í sì í dáhùn. Ẹ dá ọjọ́ wa padà fún wa. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Mo fi í sílẹ̀ kí ẹ fi wò wá."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, àwọn arúgbó tó kù sì dìde pẹ̀lú ọ̀pá àti irin ìtìlẹ́yìn wọn. Ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ na ọwọ́ sókè. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì níwájú ènìyàn, ẹ ó mọ bó ṣe gùn tó. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan gbé ojú sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, iná ni Ìyá Àgbà ń wò. Nígbà tó pupa, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì jókòó. Mò ń sunkún, Mọ́mì náà ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kí Oṣù Karùn-ún tó parí, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ètò tuntun. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú padà, yóò bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Keje. Ọjọ́ Ẹtì kò padà. Mò ń ṣàlàyé ìdí tí owó náà kò fi tó, wọ́n dá mi dúró. "Ó tó ná. Ó dáa kó ku nǹkan tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ padà wá kí wọn."

Lọ́sẹ̀ kejì, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù. Ní ọjọ́ kejì, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n nítorí ọjọ́ ìgbìmọ̀ èṣí, ọjọ́ tí mo mi orí. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ náà fún ọdún kan. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì wọlé láti yí wọn nípò dà. Ìyá Àgbà fún mi lọ́wọ́, wọ́n ní: "Kí wọn ná. Wọn ò tíì jókòó láti àárọ̀."

Mo kí wọn. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa fi ṣe tán, Ìyá Àgbà ti sùn. Mi ò rí i sọ mọ́.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú Oṣù Keje, Mọ́mì ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ń ká aṣọ Ìyá Àgbà sínú àpótí. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ níwájú ilé. Mo yọjú. Bọ́ọ̀sì funfun kékeré ni. Mọ́mì ti pè láti yọ orúkọ Ìyá Àgbà kúrò ní ti Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ pé ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ètò ìṣúná gan-an ni Ìyá Àgbà ti pè láti fi orúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí. Leon ló sọ̀ kalẹ̀. Káńtì ti dá a padà fún àwọn ọjọ́ tuntun náà. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Ìyá Àgbà ló wà lókè pátápátá, ó sì ti ń sọ láti ọ̀nà jíjìn pé ìyàwó òun wà dáadáa, ọmọ òun wà dáadáa.

Mo jáde tèmi ti sílípáàsì. Mo kí i káàárọ̀. Mo kí i kú ọ̀nà, mo kí i kú ooru, mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo béèrè orúnkún rẹ̀. Ó ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń retí ẹni tó ni ìkíni náà. Ìkíni tán lẹ́nu mi. Ó wá ku ohun tó wà nídìí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró tì mí tí yóò bá mi parí rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Àgbà ti kú. Àwọn ló bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ òní. Wọn kò bá a."

Leon ṣí fìlà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, mo sì rò pé ó fẹ́ máa lọ, nítorí mo mọ òfin rẹ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú méjì," ló wí.

Ó dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀, títí ìṣẹ́jú méjèèjì fi pé. Lẹ́yìn náà ó gun bọ́ọ̀sì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ gbé ẹni tó kàn.